Ẹni Kẹtàdínlógún

Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n máa wọn ojú àwọn ènìyàn.
Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà wa ní Tartu,
ó ń tọ ẹyinjú bí ajá ọdẹ ṣe ń tọpa ẹtu:
ibi tó bà sí, ibi tó fò kọjá,
ibi tó padà sí lẹ́ẹ̀mẹta.
Ọ̀mọ̀wé Viivika fẹ́ mọ ohun tó ń lọ lórí
ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà,
ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nígbà tí ìtìjú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Yìnyín bo fèrèsé.
Àwọn ọmọ ogún ọdún wọlé, wọ́n jáde,
bàtà wọn ń ro omi sẹ́nu ọ̀nà.
Mo fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà, mo fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì sinimá.

Heldur ni ẹni kẹtàdínlógún.
Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi la pákó nítòsí Võru
kí ilé-iṣẹ́ ìlagi náà tó kógbá wọlé.
Ó dé pẹ̀lú ìka mẹ́sàn-án àti awò ojú tó nípọn,
ó jókòó ṣinṣin bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fá lórí.

Ìlà kẹrin nínú ètò náà sọ pé:
iye = iye + 1

Ó wò ó. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.
Ó ní, "Irọ́ ni.
Kò sí iye tó fi ọ̀kan ju ara rẹ̀ lọ.
Bí mo bá kọ èyí nílé ìwé, wọn ì bá nà mí."

Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi kí n dákẹ́:
a kì í ran ẹni tí à ń wò lọ́wọ́.
A kì í sì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè,
àmọ́ òwò tí wọ́n gbà mí sí gan-an nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Àmì pupa tó dúró fún ojú rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọnù, ó ń padà,
lórí ìlà kékeré méjì yẹn, ọ̀kan lórí èkejì,
bí irin tí ọkọ̀ ojú irin kò gbà mọ́.

Nígbà náà ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra.
Ó ń kọ nǹkan sójú afẹ́fẹ́,
ó nù ún,
ó tún òmíràn kọ.

"Pátákó," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.
"Pátákó dúdú ẹ̀gbẹ́ ayùn ńlá.
Bí igi kan bá ti kọjá, a ó ka ohun tó wà níbẹ̀,
a ó fi ọ̀kan kún un lọ́kàn wa,
a ó nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò, a ó kọ tuntun.
Kò bá a dọ́gba rárá! Ó kàn ń gba ipò rẹ̀ ni.
Ta ló fi àmì yìí síbí? Kí ló ṣe ọfà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rú òfin.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣáájú rẹ̀ kò dúró lórí ìlà yẹn rárá.
Mo bi ọ̀kan nínú wọn, Kaur, pé kí ni ìlà náà ń ṣe.
Ó gbé èjìká sókè: "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́."
Ó gba gbogbo máàkì.

Ìwádìí náà jáde ní oṣù kẹta, tábìlì mẹ́fà, ó mọ́ tónítóní.
Lábẹ́ tábìlì kejì, ní lẹ́tà tó kéré bí ẹyin iná:
A yọ ẹni kẹtàdínlógún kúrò. Awò rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀rọ rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Òótọ́ ni. Kò sì sí ẹ̀rọ tó ń wo ọwọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.
Ó ní òun kì í lọ sinimá,
pé kí n kúkú fún òun ní bébà tí ìlà kẹrin wà nínú rẹ̀,
ó ká a sí mẹ́rin, ó kì í bọ àpò àyà,
ó sì jáde sínú yìnyín, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń nu nǹkan.